Kí Á Tó Gbé Sólà Sórí Òrùlé: Ìwọ̀n Ni Kí Á Fi Ra Pánẹ́ẹ̀lì



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáàsí. Ọ̀rọ̀ iná inú ilé ni: bí a ṣe lè mọ pánẹ́ẹ̀lì sólà tí ó yẹ kí á rà, àti èyí tí kò yẹ kí á ná owó wa lé lórí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ Yorùbá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn kan náà, wọ́n sọ yúníìtì iná kan di ₦225 fún àwọn àdúgbò tí wọ́n kà sí ìpele kìíní, èyí tí wọ́n ń pè ní Band A, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ₦70 tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó rí iná ń san owó ńlá, ẹni tí kò rí iná ń ra epo olówó ńlá. A kò tilẹ̀ tíì sọ ti èéfín jẹnẹrétọ̀, èyí tí ó ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun níbi tí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń sáré ra sólà, ìsáré náà gan-an ni ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin kan yóò ta ilẹ̀, obìnrin kan yóò kó gbogbo owó àjọ rẹ̀, ọ̀dọ́ kan yóò fi owó oṣù mẹ́fà ra sólà fún àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé. Bí oṣù Kẹjọ bá dé tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, iná yóò kú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wọn yóò tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo, wọn yóò sì máa sọ káàkiri pé irọ́ ni sólà. Sólà kì í ṣe irọ́. Ẹnu olùtajà ni wọ́n fi rà á, wọn kò fi ìwọ̀n rà á. Gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú sólà ni a lè fi ìṣirò, téèpù àti òjìji yẹ̀ wò, kò sì sí èyí tí ó ju agbára ọmọ ilé-ìwé girama lọ nínú rẹ̀.

Kí ni pánẹ́ẹ̀lì yìí gan-an? Gíláàsì ni a rí lójú, ṣùgbọ́n abẹ́ gíláàsì náà ni iṣẹ́ wà: àwọn ègé pẹlẹbẹ tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe, tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé wọn, iná mànàmáná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú wọn. Ní ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, fi sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì àkọ́kọ́ tí ó wúlò han aráyé. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e, bí ìdá 6 péré ni ó lè sọ di iná. Èyí tí ó wà lọ́jà lónìí ń sọ ìdá 20 sí 23 di iná. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi mú àwọn oníjìbìtì láìpẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ ni mo wí, n kò wí pé ooru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí oòrùn bá ṣe ń jó ni lára tó ni iná yóò ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá pánẹ́ẹ̀lì ni ooru jẹ́. Wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá ìdánwò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó 1,000 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ara sẹ́ẹ̀lì sì tutù dé 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí páànù wa ní ọ̀sán gangan, ara pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 60 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n 1 tí ooru bá fi lé sí i, pánẹ́ẹ̀lì a máa pàdánù bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ooru náà fi 35 lé sí i, agbára tí ó sì lọ súnmọ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì kì í fi í mú 400 wáàtì wá ní ilẹ̀ wa, àní bí kò tilẹ̀ sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wọ inú ilé. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùtajà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ríra sólà, ìdí ohun èlò ilé ẹni ni. Ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ lọ láti yàrá dé yàrá, kí ẹ kọ iye wáàtì ohun gbogbo tí ń jẹ iná àti iye wákàtí tí ó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ nípa ara wọn. Bí ohun tí ẹ rí bá tó 1,000, yúníìtì kan nìyẹn, yúníìtì yẹn gan-an tí à ń rà sínú mítà kádì.

Kí á mú ilé kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, ilé bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Gílóòbù mẹ́fà ni wọ́n ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, wọ́n sì ń tàn án fún wákàtí 5: 270 nìyẹn. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, tí wọ́n ń lò fún wákàtí 8: 960. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80 fún wákàtí 4: 320. Fóònù gbogbo wọn àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ti àkọ́bí tí ó wà ní yunifásítì: 250. Fíríìjì kékeré kan tí kò gbó jù: bí 1,000 láàárín ọ̀sán àti òru. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,800, èyí ni yúníìtì 2.8 lójúmọ́. Ẹ rí i pé n kò dárúkọ áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200 tí a fi lọ aṣọ fún ìlàjì wákàtí yóò jẹ 600, èyí tí ó ju ohun tí gbogbo gílóòbù ilé náà ń jẹ lọ́jọ́ méjì lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi sólà lọ aṣọ, kí ó lọ̀ ọ́ ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn ń mú, kí ó má ṣe dúró di alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kí ó tó máa lọ agbádá Jímọ̀. Kẹ́tùlù oníná àti ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná, àyàfi bí owó yín bá pọ̀.

Ó kù kí á mọ iye tí pánẹ́ẹ̀lì kan lè mú wá lójúmọ́. Oòrùn ń ràn fún bí wákàtí 12, ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò lágbára. Bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ, tí a sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan tí kò ní ìkùukùu, ní ilẹ̀ Yorùbá, kò ju bí wákàtí 4 sí 5 lọ lójúmọ́ tí a bá wo ọdún látòkèdélẹ̀. Ní apá Òkè Ọya, bí Kàtsínà àti Sókótó, ó lè súnmọ́ 6. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run wa ń ṣú láti àárọ̀ di alẹ́, ó lè wálẹ̀ sí bí 3. Ibí yìí ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Bí olùtajà bá ń bá ẹni tí ń gbé Ìjẹ̀bú tàbí Èkó ṣírò, tí ó sì ń lo wákàtí 6, ẹ mọ̀ pé ìṣirò Sókótó ni ó ń ṣe fún ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí á lo 4, kí á sì yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ooru, eruku, wáyà àti ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì, ní ìlọ́po 4, ní ìlọ́po 0.7, jẹ́ 1,120. Ilé Òṣogbo wa nílò 2,800. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó, ó sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ bí oṣù Kẹjọ bá dé, tí 4 di 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní mú ju 840 wá. Mẹ́ta di 2,520, iná kò sì ní tó. Mẹ́rin yóò mú 3,360 wá. Nítorí náà, mẹ́rin ni kí ilé náà rà. Oṣù tí ó burú jù ni a ń wò ra sólà, nítorí oṣù tí ó dára kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú bí ọmọ yóò ṣe kàwé lálẹ́ oṣù Kẹjọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó mẹ́rin lè ra méjì, kí ó sì yọ fíríìjì kúrò. Ìyẹn sàn ju kí ó ra méjì kí ó sì máa retí iṣẹ́ mẹ́rin.

Nígbà tí a bá ti mọ iye tí a nílò, a lè dé ọjà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ni pé: dúdú ni kí á rà ni, tàbí aláwọ̀ aró? Èyí tí ó dúdú ni wọ́n ń pè ní mono, nítorí pé ara odindi sílíkọ́nì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Èyí tí ó ní àwọ̀ aró, tí ó ń dán bí yìnyín fífọ́, ni poly, tí wọ́n yọ́ ọ̀pọ̀ sílíkọ́nì pọ̀ ṣe. Ní tèmi, ariwo orí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Wáàtì ni wáàtì í jẹ́: 300 wáàtì poly àti 300 wáàtì mono yóò mú iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba wá, kìkì pé poly yóò gba àyè díẹ̀ sí i lórí òrùlé. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa poly tì pátápátá láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá wá ń ta poly fún yín lónìí tí ó ní tuntun ni, ẹ béèrè ibi tí ó ti wà láti ìgbà yẹn. Ti orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ẹ má fi í ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú pánẹ́ẹ̀lì gbogbo àgbáyé, ibẹ̀ ni rere rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni burúkú rẹ̀ náà ti ń wá.

Ibi tí ìjàǹbá wà ni nọ́ńbà tí ó wà lára sítíkà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè tẹ sítíkà. A ń rí pánẹ́ẹ̀lì 200 wáàtì tí wọ́n lẹ 350 mọ́ lẹ́yìn. Orí kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùráánì Alápọ̀nlé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Al-Mutaffifin, dá lórí àwọn tí ń jẹ nínú òṣùwọ̀n. Láyé àtijọ́, inú kóńgò àti orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é; lónìí, ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti sọ títa sólà di iṣẹ́ wà níbí, mo sì ń bá àwọn náà wí: ẹ wọn ọjà yín fúnra yín kí ẹ tó tà á, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tan ẹ̀yin náà jẹ níbi tí ẹ ti rà á.

Báwo ni a ó ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà. Ẹ wọn òró pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ nípa ara wọn. Mo ti sọ pé nínú yàrá ìdánwò, 1,000 wáàtì ìmọ́lẹ̀ ni ó ń bà lé mítà onígun mẹ́rin kan, àti pé ọ̀pọ̀ èyí tí ó dára lọ́jà ń sọ bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ di iná. Nítorí náà, mítà onígun mẹ́rin kan kì í sábà mú ju bí 230 wáàtì lọ. Bí wọ́n bá gbé pánẹ́ẹ̀lì tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 0.7, tí wọ́n kọ 450 wáàtì sí i lára, mítà onígun mẹ́rin 1.05 péré nìyẹn. Kò lè súnmọ́ 450 láéláé, àní bí wọ́n bá gbé e lọ sí etí oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì 450 tòótọ́ máa ń gba bí mítà onígun mẹ́rin 2 tàbí kí ó lé díẹ̀. Kò sí olùtajà tí ó lè bá téèpù jiyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka sítíkà náà fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí Vmp, èyí tí í ṣe fólìtì nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, àti Imp, èyí tí í ṣe áńpì. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ nípa ara wọn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye wáàtì tí wọ́n kọ. Fólìtì 41.5 ní ìlọ́po áńpì 10.85 jẹ́ 450. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ sítíkà èké kì í rántí ṣe ìṣirò yìí. Bí ẹ bá sì ní oníṣẹ́ iná kan tí ẹ fọkàn tán, ẹ mú un dání pẹ̀lú mítà rẹ̀, kí ó gbé pánẹ́ẹ̀lì sí oòrùn ọ̀sán, kí ó wọn fólìtì àti áńpì rẹ̀. Fólìtì nìkan kò tó. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré àti ńlá lè ní fólìtì kan náà. Áńpì ni ó ń tú àṣírí. Ṣùgbọ́n kí ó rí i pé mítà rẹ̀ lè gba áńpì náà, nítorí èyí tí ó kéré lè jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi kò bá tòkunbọ̀ jà. Pánẹ́ẹ̀lì rere kì í pàdánù ju bí ìdáajì nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ́dún, nítorí náà èyí tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá ní òkè òkun ṣì lè sìn yín fún ọdún mẹ́wàá mìíràn. Ẹ kàn yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ó jóná, tí ó wú, tàbí tí ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń sán, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí omi yóò wọ ibẹ̀. Ẹ wo gíláàsì pẹ̀lú: bí ó bá ti sán bí ó ti wù kí ó kéré tó, òjò kan ṣoṣo tó láti ba inú rẹ̀ jẹ́. Kí iye owó rẹ̀ sì jẹ́ ti iye wáàtì tí mítà fi hàn, kì í ṣe ti iye tí wọ́n kọ sí i nígbà tí ó jẹ́ tuntun.

Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè ra pánẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹ̀tàn nínú, síbẹ̀ kí ó pàdánù èyí tí ó ju ìdajì lọ. Láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, ẹ̀rọ kan wà tí ó ń darí iná, tí à ń pè ní kọ̀ntírólà. Oríṣi méjì ni: PWM tí owó rẹ̀ kéré, àti MPPT tí ó wọ́n. PWM kò mọ̀ bí a ṣe ń pààrọ̀ fólìtì. Ńṣe ni ó ń fa pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí ìpele bátìrì. Bí ẹ bá so pánẹ́ẹ̀lì 450 yẹn, tí fólìtì rẹ̀ jẹ́ 41.5, mọ́ bátìrì fólìtì 12 nípasẹ̀ PWM, áńpì 10.85 náà ni yóò wọlé, ṣùgbọ́n ní bí fólìtì 13. Ẹ ṣírò rẹ̀: 141 wáàtì. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ tí ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí iná ń tàn. PWM dára fún pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ṣe fún bátìrì fólìtì 12, èyí tí Vmp rẹ̀ jẹ́ bí 18. Fún àwọn pánẹ́ẹ̀lì ńláńlá òde òní, MPPT ni. Kí ẹ sì wo Voc lára sítíkà, fólìtì tí ó ga jù. Bí ẹ bá to pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó ro Voc wọn pọ̀ mọ́ ara wọn. Méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 49 di 98, ìyẹn sì ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù fún kọ̀ntírólà tí kò gbà ju 100 lọ, nítorí pé ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ara pánẹ́ẹ̀lì tutù, fólìtì rẹ̀ a máa ga sí i.

Ó wá ku orí òrùlé. Nínú pánẹ́ẹ̀lì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tò bí àwọn tí wọ́n tò láti máa gbé búlọ́ọ̀kù fún ara wọn níbi iṣẹ́ ìkọ́lé. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá lọ́ra, gbogbo ìlà ni yóò lọ́ra. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan, tàbí ti òpó táńkì omi, tí ó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan, lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń wo òjìji láti mọ àkókò ìrun Àsíárì kò yẹ kí á ṣàìmọ èyí. Ẹ yan ọjọ́ kan tí oòrùn ràn, kí ẹ máa wo òrùlé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di àkókò Àsíárì, kí ẹ sì sàmì sí gbogbo ibi tí òjìji dé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oòrùn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹfà, òjìji yóò sì máa rìn kiri láàárín ọdún. Bí a kò bá lè sá fún igi, ẹ gé e, tàbí kí ẹ ri pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ lórí irin nínú àgbàlá.

Ibo ni kí ó kọjú sí? Bí ẹni tí ń kírun ní ilẹ̀ Yorùbá bá kọjú sí Kíbúlà, ìlà-oòrùn ni ó kọjú sí, ó sì yà díẹ̀ sí àríwá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń tọ́ka sí gúúsù, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Apá ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Kò nílò kí ó dagun púpọ̀: ìwọ̀n 10 sí 15 ti tó, èyí ni pé ní gbogbo mítà kan, kí ó fi bí sẹ̀ntímítà 18 sí 27 ga. Dídagun díẹ̀ yẹn ni yóò jẹ́ kí òjò máa fọ̀ ọ́. Bí òrùlé yín bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, tí kò sì dagun jù, ohun tí ẹ ó pàdánù kéré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó irin gíga gogoro lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn. Owó tí ó tọ́ kí ẹ ná ni ti bóòtù tí ó wọ inú igi òrùlé ṣinṣin. Ìjì tí ń ṣáájú òjò ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ti ṣí òrùlé tí kò ní pánẹ́ẹ̀lì lórí, mélòómélòó èyí tí ó ní. Bí ikán bá ti wà nínú igi náà, ẹ tún igi ṣe ná. Kí àyè bí ìbú ọwọ́ kan sì wà láàárín páànù àti pánẹ́ẹ̀lì, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí ooru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tó odindi ọjọ́ kan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ohun tí ilé Òṣogbo wa ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ jẹ́ bí yúníìtì 2.1. Bátìrì olómi fólìtì 12 tí ó jẹ́ áńpì 200 ní yúníìtì 2.4 nínú, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì lóru kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ kú. Méjì ni ilé náà yóò rà. Bátìrì lithium fólìtì 24 tí ó jẹ́ áńpì 100 ní bí yúníìtì 2.5, a sì lè lo bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nítorí náà ẹyọ kan tó. Ó wọ́n nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó lè lo ìlọ́po ọdún tí èkejì ń lò. Bí owó bá wà, òun ni èmi yóò rà.

Àwọn olùtajà kan wà tí wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè bóyá iye tí ẹ ó san lápapọ̀ ti dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí pé èlé ń gorí rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ kò níláti ti inú òkùnkùn bọ́ sínú èlé. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó tí orúkọ olùtajà, àdírẹ́sì rẹ̀, iye wáàtì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ìdánilójú ọdún 25 tí wọ́n ń kọ sínú ìwé kò wúlò bí ṣọ́ọ̀bù kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wo ara sítíkà fún àmì IEC 61215 àti IEC 61730, èyí tí í ṣe ìdánwò àgbáyé fún pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé sítíkà náà ni. Ẹ má torí rẹ̀ gbé téèpù jù sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gòkè, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ní àkókò ọyẹ́ nígbà tí òjò kò rọ̀, eruku yóò bò ó, ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì pẹ̀lú omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, nítorí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè mú kí ó sán. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn kan án.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yóò wà, àkókò sì wà láti dáhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè iye pánẹ́ẹ̀lì tí yóò tó ilé rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ kọ ohun tí ó wà nínú ilé náà sínú ìwé, wáàtì wọn àti wákàtí wọn, a ó sì jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ níhìn-ín.